X-3 Stiletto ò sáré tó bó ṣe rí lójú yẹn o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn bàálù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí. Ìgbàkigbà tí fótò X-3 Stiletto, bàálù tí ilé iṣẹ́ Douglas ní Amẹ́ríkà ṣe láti fi ṣèwádìí eré sísá, bá ti jáde báyìí, ẹnìkan á ti bọ́ síta pé kò sí bàálù tó yára tó o nígbà ayé ẹ̀, pé ìlọ́po méjì eré ìró ló ń sá. Mi ò bá wọn jà, torí tẹ́ ẹ bá wò ó, ẹ̀yin náà á gbà. Imú ẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ara ẹ̀ gùn gbọọrọ, apá ẹ̀ wá kéré bíi pé wọn ò ráyè ṣe é tán. Ibi tó dúró sí lórí ilẹ̀ gan-an, ṣe ló dà bíi pé ó ti ń sáré.

Irọ́ ni ṣá. X-3 ò dé Mach 2 rí láyé ẹ̀. Ká tiẹ̀ fi Mach 2 sílẹ̀, tó bá ń fò lọ tààrà bí bàálù ṣe ń fò, kò lè kọjá Mach 1, ìyẹn eré ìró fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kó kọjá ẹ̀, àfi kí pàìlọ́ọ̀tì dorí ẹ̀ kodò kó máa já wálẹ̀. Eré tó sá tó pọ̀ jù ni Mach 1.208, ní oṣù Keje 1953, Bill Bridgeman ló wà á lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ ló dẹ̀ dojú kọ.

Ẹ́ńjìnì ló kó bá a. Nígbà tí Douglas ń ṣe é, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni kó gbéra fúnra ẹ̀ látorí ilẹ̀, kó fi ẹ́ńjìnì jẹ́ẹ̀tì dé Mach 2, kó dẹ̀ máa bá eré yẹn lọ fúngbà díẹ̀. Ẹ́ńjìnì Westinghouse kan tó ń jẹ́ J46 ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tó yá, J46 ti tóbi kọjá àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú bàálù, bí wọ́n ṣe kó J34 méjì sí i nìyẹn, èyí tí agbára ẹ̀ kéré gan-an sí ohun tí wọ́n lérò. Ó dà bí ìgbà téèyàn gbé ẹ́ńjìnì ọ̀kadà sínú dánfó, mò ń ṣàsọdùn díẹ̀ ṣá.

Ta ló wá kọ́kọ́ dé Mach 2? Douglas yìí kan náà ló ṣe bàálù ọ̀hún o! Skyrocket ni, Scott Crossfield ló wà á ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá 1953. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tì í, inú òfurufú ni bàálù ńlá míì ti jù ú sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé fótò àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ máa búra pé X-3 ló yára jù.

Apá kékeré yẹn náà níṣẹ́ tó fún wọn. Ara bàálù yìí gùn ju mítà 20 lọ, láti ṣóńṣó apá kan sí ìkejì ò dẹ̀ tó mítà 7. Apá tó kéré báyẹn ò lè gbé ẹrù wúwo sókè àfi tó bá ti sáré burúkú lórí ilẹ̀, ó máa ń kọjá 400 kìlómítà ní wákàtí kan kó tó gbéra, táyà ìgbà yẹn ò gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù jù ni ìjókòó pàìlọ́ọ̀tì. Abẹ́ ni wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n á sọ ìjókòó kalẹ̀, pàìlọ́ọ̀tì á jókòó, wọ́n á fi iná mànàmáná fà á sókè. Tí wàhálà bá dé, ìsàlẹ̀ náà ló máa yìn ín jáde sí. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá wá jẹ́ pé kò tíì jìnnà sílẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan wá wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ gbogbo eléyìí, wọ́n á ní bàálù burúkú tí ò wúlò fún nǹkan kan ni. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá 1954, Joe Walker gbé e lọ sókè tó 30,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó ń sá Mach 0.92, ló bá yí i sósì lójijì. Bàálù yí lóòótọ́, àmọ́ imú ẹ̀ tún gbé sókè fúnra ẹ̀, ara ẹ̀ tún ń gbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí Walker tó kápá ẹ̀. Ẹlòmíì á ti lọ sílé. Walker dorí ẹ̀ kodò títí tó fi kọjá Mach 1, ó tún yí i. Tọ̀tẹ̀ yìí, bàálù kọ́kọ́ fẹ́ jù ú kúrò lórí ìjókòó, ó tún wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi pé ara ẹ̀ di ìlọ́po méje. Ó mú un balẹ̀ láyọ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí agbára ara bàálù náà mọ gan-an ló dé. Díẹ̀ sí i, ì bá ti já sí méjì lókè.

Ẹ wo ẹni tó ru pákó gígùn gba àárín ọjà. Tó bá ṣèèṣì yí ọrùn díẹ̀, orí méjèèjì pákó á fì, á gbá èèyàn, òun alára á tẹ̀ lé e. Bí X-3 ṣe rí nìyẹn, gbogbo ẹrù wà nínú ara gígùn, apá ò ní agbára tó lè dá a dúró. Ọjọ́ 15 ṣáájú ìgbà yẹn, jẹ́ẹ̀tì ológun F-100 já mọ́ George Welch lára lófurufú, ó sì kú. Irú wàhálà kan náà ni. Ohun tí ẹ̀rọ inú X-3 kọ sílẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó yé wọn, wọ́n fi kún ìrù àti apá F-100. Ilé iṣẹ́ Lockheed náà wo irú apá X-3 nígbà tí wọ́n ń ṣe jẹ́ẹ̀tì ológun F-104, ìyẹn ló wá sá Mach 2 ní tiẹ̀.

Oṣù Karùn-ún 1956 ni X-3 fò kẹ́yìn. Ó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun òfurufú ní Dayton, Ohio báyìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló dẹ̀ wà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èkejì nígbà yẹn, wọn ò parí ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di sìpíà páàtì fún ti àkọ́kọ́.