Onílù tí wọ́n ń háyà náà ní ohùn tirẹ̀

Mo ka àpilẹ̀kọ kan nípa àwọn onílù; ibi tí akọ̀ròyìn tó kọ ọ́ ti sọ pé onílù tí wọ́n ń háyà sí sítúdíò kì í ní ohùn tara rẹ̀, pé ohun tí wọ́n bá ní kó lù ló ń lù, ibẹ̀ ló dùn mí. Ẹ gbọ́ Steve Gadd ná, onílù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń háyà sí sítúdíò! Ọmọ Rochester ní ìpínlẹ̀ New York ni, wọ́n bí i ní 1945, ó sì lo ọdún mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà. Irú ìlù tí ṣọ́jà fi ń yan ló gbé wọ inú orin akọrin Amẹ́ríkà nì, Paul Simon, "50 Ways to Leave Your Lover", ní 1975. Ẹ yọ ìlù yẹn kúrò, kí ló kù?

Èmi náà ń lu ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù méjì gbáko ni mo fi kọ́ ìlù tí Gadd lù nínú orin yẹn. Ọwọ́ òsì wà lórí hi-hat (àwo irin méjì tó ń pàdé ara wọn), ọwọ́ ọ̀tún lórí snare (ìlù kékeré tó ń dún ṣà), ẹsẹ̀ òsì á rọra ṣí hi-hat díẹ̀ kó tó pa á dé. Bí mo bá ti fipá lù ú pẹ́nrẹ́n, ó bàjẹ́ nìyẹn. Bùrọ̀dá tó kọ̀wé ṣáájú mi lórí àpilẹ̀kọ náà ní Billy Cobham, onílù mìíràn, lọ̀gá torí pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Ọwọ́ rẹ̀ yá lóòótọ́, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí orin "Aja" tí ẹgbẹ́ olórin Steely Dan gbé jáde ní 1977, níbi tí Wayne Shorter ti ń fọn saksofóònù: ṣe ni Gadd ń tẹ̀lé e bí oníyàáàlù ṣe ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ oníjó. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.