Ẹ Má Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Mi Pamọ́

Sátidé tó kọjá, èmi, àǹtí mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn, àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù lọ jẹun ní ilé oúnjẹ Vietnam ìgbàlódé kan ní ìlà-oòrùn London. N ò ní dárúkọ wọn. Oúnjẹ wọn dùn, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹni tó bá ń gbé gúúsù London bíi tèmi, tó ń lọ ra iṣu àti èlùbọ́ ní Peckham tàbí Deptford, kò lè ṣàì mọ àwọn ará Vietnam. Ní Deptford, ibi tí wọ́n ti ń ta pọ̀nmọ́ kò jìnnà rárá sí ibi tí wọ́n ti ń ta phở, ọbẹ̀ núdù àwọn ará Vietnam. Nígbà tí ogun wọn parí lọ́dún 1975, ọ̀pọ̀ wọn wọ ọkọ̀ ojú omi sá kúrò nílé. Púpọ̀ nínú àwọn tó dé Britain gba Hong Kong kọjá, wọ́n sì fìdí múlẹ̀ sí Hackney, Lewisham àti Southwark, àwọn àdúgbò tí àwa náà kún fọ́fọ́.

Bí mo ṣe bá phở pàdé ni pé mo ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan, òtútù ń gbọ̀n mí, mo wọ búkà kékeré kan, mo na ìka sí àwòrán tó wà lára ògiri. Abọ́ tí wọ́n gbé wá tóbi bí agbada. Núdù ìrẹsì ló wà nísàlẹ̀, omitoro ń rú èéfín lókè, mo ti ṣíbí bọ̀ ọ́, kí ni mo rí? Ṣàkì! Wọ́n gé e tín-ín-rín, òun àti àyà màlúù pẹ̀lú iṣan tó ti rọ̀ bíi ṣìkì-ṣìkì. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá ẹnì kan fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Omitoro yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wéré. Egungun màlúù ni wọ́n ń sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí iná jẹ́jẹ́. Wọ́n á ti kọ́kọ́ sun àlùbọ́sà àti atalẹ̀ lórí iná títí ara wọn á fi dúdú, wọ́n á wá fi kànáfùrù sí i, àti sínámọ́nì, àti èso gbígbẹ kan tó rí bí ìràwọ̀. Bí iná bá le jù, omi náà á dàrú bí omi àgbàrá. Ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi lọ́kàn jù lọ́jọ́ náà ni àwo kejì tí ìyá tó ni búkà gbé sílẹ̀, tí n ò tilẹ̀ béèrè. Ewé tútù jaburata, ẹ̀wà tí wọ́n jẹ́ kó hu, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n là sí mẹ́rin, ata pupa. Ọ̀kan nínú ewé yẹn, ọmọ ìyá efinrin ni. Mo fún un níka, òórùn ẹ̀yìnkùlé ìyá mi àgbà ló kọ lù mí. Ìyá yẹn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ó kàn fi ọwọ́ ṣe bíi kí n fún ọsàn sí i, kí n já ewé sí i, kí n tọ́ ọ wò, kí n tún fi sí i. Láti ìgbà náà, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni pé alásè ń se oúnjẹ náà débì kan ni, olùjẹ ló ń parí ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí Sátidé. Iná ibẹ̀ ṣókùnkùn débi pé fóònù ni àǹtí mi fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ìwé oúnjẹ. Phở kan, póùn 19. Ọmọkùnrin kan gbé abọ́ wá, ó fi kẹ́tùlù kékeré da omitoro sí i níṣojú wa, ó ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ewé mẹ́ta ló wà lójú ẹ̀, mo kà á. Kò sí ọsàn wẹ́wẹ́. Kò sí ata. Kò sí nước mắm, omi ẹja oníyọ̀ wọn, lórí tábìlì.

Àǹtí mi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bá mi bi í, ata wọn dà?"

Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀gá alásè àwọn ti ṣe é tó, pé kò sí ohun tó kù tí a máa fi sí i.

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún àǹtí. Wọ́n ní, "Ta ló ń jẹ ẹ́, ṣé èmi ni àbí ọ̀gá alásè?"

Ẹ̀yin ará, ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Owó kọ́ ló ń bí mi nínú o. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì ni, kí ló dé tó fi di póùn 19?" Àwọn yìí náà ló ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ fún pasítà, ìyẹ̀fun àti ẹyin lásán, wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe sí oúnjẹ tiwa náà. Chishuru, ilé oúnjẹ Adejoké Bakare ní London níbí, gba ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ilé oúnjẹ, lọ́dún 2024, síbẹ̀ ẹ̀ ń gbọ́ ọmọ wa tó ń sọ pé òun ò lè san irú owó yẹn lórí oúnjẹ tí ìyá òun ń sè. Ẹni tó fi gáàsì se egungun láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó yẹ kó rówó jẹ.

Ọ̀tun kọ́ ló ń bí mi nínú náà. Ní Saigon, ìlú ńlá kan ní gúúsù Vietnam, alásè kan tó ń jẹ́ Peter Cuong Franklin ṣí ilé oúnjẹ kan lọ́dún 2017 nínú ọjà àtijọ́ kan, ó pè é ní Ănăn, ìyẹn "jẹ, jẹ" ní èdè wọn. Ó ti ta phở kan ní ọgọ́rùn-ún dọ́là rí! Lọ́dún 2023, tí Michelin kọ́kọ́ dé Vietnam, ó wà lára àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba ìràwọ̀. N ò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i pé àárín àwọn tó ń ta ẹja àti ẹ̀fọ́ ló jókòó sí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n máa fi nǹkan pamọ́. Ẹ wo nước mắm. Ẹja wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni, wọ́n á kó o sínú àgbá onígi ńlá fún bí ọdún kan, ní Phú Quốc tàbí Phan Thiết, omi tó bá sun jáde nídìí àgbá ni. Bí irú tí àwa fi ń sebẹ̀ ló ṣe rí fún wọn. Ẹni tó bá gbóòórùn rẹ̀ nínú ìgò á yíjú, ẹni tó bá jẹ ọbẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ á tún bù. Èwo wá ni ká kó o pamọ́ sí kíṣìnì bí ọmọ tí àlejò ò gbọ́dọ̀ rí?

Bí mo ṣe ń sọ èyí lọ, ọ̀rẹ́ mi ń fi igi méjì yẹn jẹ núdù rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àríwá Vietnam ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní àríwá ni phở ti bẹ̀rẹ̀, ní Nam Định àti Hà Nội, kò sì tíì pẹ́ tó bí mo ṣe rò. Lọ́dún 1954 tí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì, àwọn tó tó mílíọ̀nù kan ṣí lọ sí gúúsù, wọ́n gbé phở dání. Gúúsù níbi tí ewé ti pọ̀ ni àwo ewé mi yẹn ti wá. "Bí ìyá mi bá rí ẹ tí o ń da ẹ̀wà híhù sínú phở," ó ní, "á gba abọ́ náà lọ́wọ́ ẹ."

Mo dákẹ́. Mo ti ń jà fún àṣà àwọn baba ńlá ẹni ẹlẹ́ni, láìmọ̀ pé àṣà náà fẹ́ẹ̀ẹ́ lè jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi.

Mo wá bi í pé, "Kí ló máa ń wà lórí tábìlì ìyá ẹ?" Ó ronú díẹ̀. "Fínígà tí wọ́n rẹ aáyù sí. Ata. Ọsàn wẹ́wẹ́, nígbà mìíràn."

Ẹ ò rí i? Gúúsù ni o, àríwá ni o, olùjẹ ṣì lọ́wọ́ sí i. Ọmọkùnrin ọjọ́ Sátidé yẹn nìkan ló ní kí n ká ọwọ́ mi lẹ́rán.

Mo pè é padà. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá wa wá ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata. Ó pẹ́ kó tó dé, ó sì gbé àwo kan tó kéré bí ìdérí ìgò wá, ìlàjì ọsàn méjì àti ata mẹ́ta. Àǹtí mi fún ìlàjì kan sínú abọ́ wọn, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n mi orí. Ọ̀rẹ́ mi náà na ọwọ́, ó mú ata kan. N ò sọ nǹkan kan.

Kọfí ni a fi pa á dé, èyí tó ń kán tó-tó-tó sórí mílíìkì dídì, robusta gidi, igi tó jẹ́ pé igbó Áfíríkà ló ti wá. Ìyẹn, ẹ má yí i padà fún mi láé.

Nígbà tí ìwé owó dé, àǹtí mi gbà á, wọ́n tan fóònù sí i, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀. "Ọsàn wẹ́wẹ́ yìí, póùn kan àti ààbọ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Wọ́n fa tíṣù kan yọ, wọ́n wé ìlàjì ọsàn tó kù, wọ́n sọ ọ́ sínú báàgì wọn. Ọmọkùnrin yẹn ń wò wọ́n. Wọ́n ní, "Kí ló ń wò? Ṣebí a ti sanwó ẹ̀."