Ta ló ní ohun mẹ́ta ni àlùjọ̀nnú ń ṣe féèyàn?

Kílípà wà ní ìpàkọ́ mi, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Sábó, n'Ìbàdàn níbí, nígbà tí wọ́n gbé Wishmaster sórí tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù ọdún 1997 ni, ti àlùjọ̀nnú burúkú tó há sínú òkúta iyebíye, tó ń fún èèyàn ní ohun tó bá tọrọ, tó sì ń fi ohun náà pa á. (Orúkọ Wes Craven ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ẹ̀, ṣùgbọ́n Robert Kurtzman ló darí ẹ̀.) Onígbàjámọ̀ ní, “Bó ṣe wà nínú Kùránì gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá jí àlùjọ̀nnú dìde, ohun mẹ́ta ló máa tọrọ.” Gbogbo wọn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi nìkan ni mi ò mi tèmi, nítorí kílípà.

Kò sí níbẹ̀ o. Ohun tó wà níbẹ̀, ní Súrà 55, ni pé ọwọ́ iná ni Ọlọ́run fi dá wọn. Ìyẹn ni fíìmù náà mú, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló ti sọ ọ́: ìmọ́lẹ̀ bí áńgẹ́lì, ilẹ̀ bí èèyàn, iná bí àlùjọ̀nnú. Èyí bá ohun tí a gbọ́ nílé kéú mu, la bá gba ìyókù mọ́ ọn.

Ẹ ṣí Súrà 34. Lébìrà ni àlùjọ̀nnú ibẹ̀. Ànábì Sulaimọ́nù ló kó wọn ṣiṣẹ́, wọ́n ń mọ ilé, wọ́n ń ṣe ìkòkò ràgàjì tí kò ṣeé gbé kúrò lójú kan. Ọ̀gá kú, ó ṣì fara ti ọ̀pá. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiwọn, àfìgbà tí kòkòrò jẹ ọ̀pá tí òkú fi ṣubú lulẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ pé ọ̀gá òun ti kú, ṣé òun ló máa wá mọ ohun tó ń dun èèyàn lọ́kàn?

Wọ́n ní, Aladdin inú àlọ́ Lárúbáwá ńkọ́? Ìtàn yẹn náà ò ka mẹ́ta. Ìyá Aladdin ń nu àtùpà kí wọ́n lè rí i tà jẹun, ni àlùjọ̀nnú yọ. Ìyá dákú, ọmọ gba àtùpà, ó ní kó gbé oúnjẹ wá. Oúnjẹ dé nínú àwo fàdákà, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ń ta àwo ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń pè é lọ nìyẹn, wúrà, ẹrú, ààfin, kò sẹ́ni tó ń ka iye ìgbà. Inú ìtàn apẹja kan nínú àwọn àlọ́ yẹn náà la ti gbọ́ mẹ́ta, ẹ̀jẹ́ lásán sì ni: àlùjọ̀nnú ló ní ẹni tó bá yọ òun, ohun mẹ́ta lòun máa ṣe fún un. Nígbà tí kò rẹ́ni yọ ọ́ nínú ìkòkò idẹ tó há sí, inú bí i, ó ní ẹni tó bá yọ òun, pípa lòun máa pa á.

Nínú fíìmù yìí, pańpẹ́ ni mẹ́ta. Bí obìnrin tó jí i bá tọrọ ẹ̀ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn ayé ṣí fún gbogbo ìran àlùjọ̀nnú. Ẹni tó kọ eré ló nílò rẹ̀, kí àyà wa lè máa já. (Ẹni tí ò bá tíì wò ó, kó fo èyí tó kàn.) Obìnrin náà ò tọrọ owó. Ó ní kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbé ẹrù ní èbúté, tó já ère tí òkúta náà wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, má ti mutí lẹ́nu iṣẹ́ níjọ́ méjì sẹ́yìn. Ère ò wá já mọ́, àlùjọ̀nnú náà ò sì jí.

Ohun tí Kùránì sọ nípa ẹni tó ń sá tọ̀ wọ́n kò gùn, Súrà 72, ẹsẹ 6: àwọn èèyàn kan ń wá ààbò lọ sọ́dọ̀ àlùjọ̀nnú, ìnira ló kàn fi kún tiwọn. Bàbá kan tó ti ń fa tẹ̀sùbáà ní kọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ló gba ẹsẹ náà lẹ́nu mi, ó kà á parí lédè Lárúbáwá. Onígbàjámọ̀ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù.

“Ẹ yí orí yín,” ló wí, “ó ku apá òsì.”