Èsì wa sí ọ̀gá tó ra pọ́ǹpù epo fún Subaru rẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kíìkì ọkọ̀ náà

Ẹ kú ilé, ọ̀gá mi. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìdààmú. Alẹ́ àná ni mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà wa, pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún tí ẹ fún wa. Kí ẹni tó bá kan èsì yìí lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹ ra pọ́ǹpù epo Walbro tó ń gbé lítà 255 ní wákàtí kan lọ́wọ́ wa fún Subaru Impreza WRX ọdún 2004 yín, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, èyí tí ẹ ti fi turbo (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì) tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí. Ẹ fọwọ́ ara yín dè é nínú ọgbà yín n'Ìbàdàn. Ó dáa fún oṣù kan. Nígbà tó yá, bí ẹ bá ti tẹ iná mọ́lẹ̀ tí turbo sì gbé e, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáàkì bí ẹni pé epo ti tán. Òórùn epo sì ti wà nínú ọkọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ ní ayédèrú pọ́ǹpù la tà fún yín, àti pé ọjà tiẹ̀ fi ọjọ́ kan pẹ́ kó tó dé.

Ti ọjọ́ kan yẹn, àwa la jẹ̀bi. Ẹ má bínú.

Kí n tó dé orí pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ n fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ yín: ẹ má tíì kíìkì ọkọ̀ yẹn. Òórùn epo nínú ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣí fèrèsé fún kó lè máa lọ. Epo bẹntiróòlù kì í dúró dìgbà tó bá gbóná kó tó sọ oru jáde. Níbi tí omi ti ń di yìnyín pàápàá, oru rẹ̀ ṣì ń gbaná. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í fò lọ sókè. Ilẹ̀ ló ń gbà lọ, bí omi tí a kò rí, títí tó fi máa kan iná níbìkan: ìdí jẹnẹrétọ̀, kọ́ìlì ẹ̀fọn, ààrò ẹni tó ń dín àkàrà lẹ́yìn ọgbà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n mú iná lọ, pé ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ sì gbé gílóòbù lé ẹ̀yìn àga láti parí iṣẹ́ lálẹ́, nígbà tí ẹnu táǹkì ṣí sílẹ̀. Ọ̀gá mi, mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oorun ò kùn mí mọ́ lálẹ́ àná. Ọlọ́run ló yọ yín àti àwọn ará ilé yín, a dúpẹ́.

Ó wá kan pọ́ǹpù. Ẹ ṣeun tí ẹ tún yọ ọ́ ní Sátidé, tí ẹ ya fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́ kí ẹ tó dá a padà. Mo gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ wọ́n dáadáa. Ìkẹta ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ wo họ́ọ̀sì kúkúrú tó so ọrùn pọ́ǹpù mọ́ páìpù irin tó ń gbé epo jáde láti inú táǹkì, èyí tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ti wú. Ara rẹ̀ lóde ti là wẹ́wẹ́, ó rọ̀ débi pé kílíípì ti wọnú rẹ̀ lápá kan, ó sì ti tú ní apá kejì. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ṣì hàn: SAE J30R9.

R9 kì í ṣe ọjà burúkú. Họ́ọ̀sì epo gidi ni, àmọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí epo ti ń gba inú rẹ̀ kọjá tí afẹ́fẹ́ sì wà lóde rẹ̀. Nínú táǹkì, epo wà nínú, epo wà lóde. Awọ òde R9 kò lè fara da ìyẹn. Á máa wú, á máa là, títí á fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe kó lè rì sínú epo ni J30R10. Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú.

Ta ló wá fi R9 sínú páálí yín? Àwa ni. Ọmọ tó ń di ọjà nílé ìtajà wa rí i pé R10 ti tán nílẹ̀, ó gé R9 sí i kí ọjà yín má baà pẹ́ sí i, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ló yẹ kí n ti yẹ páálí yẹn wò kó tó jáde. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. N kò ní ti ẹ̀bi sí ọmọdé lọ́rùn. Èmi ni mo gbowó yín.

Ẹ wò ó bí ìyẹn ṣe so mọ́ jíjáàkì tí ọkọ̀ ń jáàkì. Lára ẹ́ńjìnì yín, nǹkan kékeré kan wà tó ń ṣọ́ présọ̀ epo. Bí ẹ bá yọ rọ́bà atẹ́gùn tó wà lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, présọ̀ epo gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 43 psi (psi la fi ń wọn présọ̀, ìyẹn agbára tí epo tàbí afẹ́fẹ́ fi ń tì). Bí ẹ bá dá rọ́bà náà padà, tí turbo wá ti afẹ́fẹ́ 15 psi wọlé, présọ̀ epo náà gbọ́dọ̀ fi 15 gòkè, kó dé 58. Afẹ́fẹ́ yẹn ń ti nọ́sù, èyí tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì, lẹ́nu. Bí epo kò bá fi iye kan náà lágbára sí i, iye tó ń wọlé á dín kù. Bí ọkọ̀ bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ìgboro, présọ̀ kò ga, họ́ọ̀sì tó ti rọ̀ á ṣì gbìyànjú. Ìgbà tí turbo bá gbé e ni epo á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tó là padà sínú táǹkì. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, epo ò sì dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì. Ìdí nìyẹn tó fi dáa fún oṣù kan kó tó bàjẹ́.

Mo sì dúpẹ́ pé ó ń jáàkì, torí ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tí epo kò tó, iná inú ẹ́ńjìnì á gbóná kọjá ààlà, ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé epo á máa gbaná fúnra rẹ̀, á máa lu pístìnnì. Nínú àwọn Subaru tó ní turbo, àárín ibi tí ríǹgì ń jókòó sí lára pístìnnì ló máa ń kọ́kọ́ já. Kò sí owó pọ́ǹpù tó tó ìdá kékeré owó ẹ́ńjìnì.

Ayédèrú Walbro pọ̀ nígboro, ẹ ò ṣì sọ. N kò fẹ́ fi ẹnu lásán já yín ní koro. Láàárọ̀ yìí, mo mú ọ̀kan nínú páálí tí tiyín ti jáde, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí kò sí iná, mo fún un ní 13.5 fólítì, mo ká présọ̀ rẹ̀ mọ́ 43 psi, mo sì ka ìṣẹ́jú àáyá 30. Epo tó bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lé díẹ̀ ní lítà méjì. Lítà 255 ní wákàtí kan, bí ẹ bá pín in, lítà méjì àti díẹ̀ náà ni. Nígbà tí mo dín iná kù sí 11 fólítì, ó fà sẹ́yìn gan-an, ohùn rẹ̀ gan-an yí padà. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ gbé tiyín wá, kí a jọ wọ̀n ọ́ lójú yín. Bí kò bá pé, gbogbo owó yín lẹ máa gbà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ fólítì yẹn kàn yín o. Wáyà tó ń lọ sí pọ́ǹpù nínú ọkọ̀ yín ti lé lógún ọdún, pọ́ǹpù kékeré ni wọ́n sì fà á fún. Kí rewáyà yín fi mítà wọn iná lẹ́nu pọ́ǹpù gan-an nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ gidi, kí ó má wọn ti bátìrì kó sì lọ. Ẹ rántí pé Subaru yìí ní àpótí kékeré kan lẹ́yìn tó ń dín iná pọ́ǹpù kù bí ọkọ̀ bá ń lọ jẹ́jẹ́, nítorí náà ìgbà tó wúwo fún ọkọ̀ ni kí ẹ wò. Bí iná bá lọ sílẹ̀ kọjá 12.5, kó fa wáyà tó nípọn tààrà láti bátìrì, kó gba inú ríléè (suìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá), kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì. Wáyà àtijọ́ á wá di ẹni tó ń pe ríléè lásán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fọ́tò kejì. Téèpù dúdú wà níbi tí wọ́n ti so wáyà, nínú táǹkì. Epo máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù yẹn. Láìpẹ́ á tú, wáyà á wà níhòòhò. Pọ́ǹpù tó rì sínú epo kì í fa iná nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó, àmọ́ wáyà tó wà lókè, níbi tí oru àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé bí epo bá ti ń tán, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ìsopọ̀ tó wá pẹ̀lú pọ́ǹpù nìkan ni kó wà níbẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ra dáadáa, kí wọ́n sì fi rọ́bà tó ń fún mọ́ra bí iná bá rà á bò ó. Èyí ni kẹ́ ẹ ṣe níta kí pọ́ǹpù tó sún mọ́ táǹkì.

Òórùn ńkọ́? Nínú fọ́tò kẹrin, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí táǹkì tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn ti ká, apá kan rẹ̀ yọ síta. Ọgbẹ́ inú họ́ọ̀sì kì í mú òórùn jáde torí inú táǹkì ló wà. Ibi ìdérí yìí ni oru ń gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe fúnra yín, mo fara mọ́ ọn, ọwọ́ yín mọ́ nínú àwọn ibi tó kù. Kó jẹ́ ọ̀sán, níta gbangba, kí jẹnẹrétọ̀ ilé yín àti ti aládùúgbò wà ní pípa. Tọ́ọ̀ṣì tó ń gba iná sára ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ ti mínọ́sì. Kí epo inú táǹkì má ju ìlàjì lọ. Ẹ fi àkísà bo ẹnu họ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó fà á. Ẹ gbé agolo pupa tí wọ́n fi ń pa iná, onílẹ́búlẹ́bú, sí ibi tí ọwọ́ á ti tó o. Omi kò ṣeé da sí iná epo. Bí ẹ bá parí, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìkíìkì, kí pọ́ǹpù kùn fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ àti imú yẹ gbogbo oríkèé wò, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà, géèjì présọ̀ kan ń lọ pẹ̀lú ọjà tí mo fi ránṣẹ́, mo yá yín ni. Ẹ so ó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wípà tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì láti ìta kẹ́ ẹ lè máa rí i láti ìjókòó. Ẹ má mú họ́ọ̀sì epo wọ inú ọkọ̀ láti kà á. Bí turbo bá gbé e tí ọwọ́ géèjì ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ó ti tán. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ pè mí.

Ẹ kọ ọ́ nígbẹ̀yìn pé nọ́sù 565 cc lẹ fẹ́ dè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti fi wo jíjáàkì náà sàn. Rárá o, ọ̀gá mi. Nọ́sù tó bá ọkọ̀ yín wá jẹ́ nǹkan bíi 420. Brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀. Iye àkókò tó ń ṣí ti tẹ́lẹ̀ náà ló máa ṣí tuntun, epo á fi ìdá mẹ́ta kan pọ̀ jù. Púlọ́ọ̀gì á dúdú, epo tó pọ̀ á fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. A ò ní ta nọ́sù yẹn fún yín títí ẹni tó máa ṣe tuning rẹ̀ (tó máa tún brain box tò fún un) yóò fi wà nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ń bẹ níbẹ̀ fún wa.

Ìdí tí mo fi kọ èyí síta nìyí, tí n kò kàn pè yín lórí fóònù: mo yẹ ìwé ìtajà wò, àwọn mẹ́fà mìíràn gba pọ́ǹpù pẹ̀lú họ́ọ̀sì inú táǹkì lọ́wọ́ wa láàárín oṣù méjì tí ẹ ra tiyín. Mo ti bá mẹ́rin sọ̀rọ̀, nọ́ńbà méjì kò lọ. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ wo ara họ́ọ̀sì yín. Bó bá jẹ́ R9, ẹ má rò pé ó ṣì le. R10 wà nílẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú wa, ẹ mọ ohun tí irú epo bẹ́ẹ̀ ń fojú họ́ọ̀sì àti pọ́ǹpù rí. Nínú ìlú tiwa, họ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ra olówó pọ́ọ́kú.

Ọ̀gá mi, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ rẹ́, ẹ má sì yí ìràwọ̀ yín padà nítorí mi. R10, kílíípì tuntun méjì, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí táǹkì àti géèjì ti wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní gáréèjì Ìwó Road láàárọ̀ yìí, èmi ni mo sanwó wébíìlì. Nọ́ńbà awakọ̀ wà lórí fóònù yín. Mo máa pè yín ní aago mẹ́rin láti mọ̀ bóyá ó ti dé ọwọ́ yín.