Eyín tí kò dunni lè ti bàjẹ́ nídìí

Ní Ìbàdàn ńbí, ẹ sọ fún ẹnìkan pé kó lọ yẹ eyín wò, èsì tí ẹ máa gbọ́ ni: "Ṣé eyín ń dùn mí ni?" Bàbá tó ń run orín àtà láràárọ̀ á tún fi lé e pé òun ṣì ń fọ́ eegun ẹran. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n eegun ẹran kì í ṣe àyẹ̀wò.

Àrùn ẹran ìdí eyín kì í sábà dunni. Ìdọ̀tí tó ṣù mọ́ ìdí eyín á le gbagidi, ẹran ibẹ̀ á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á sì ṣí kúrò lára eyín. Eegun tó di eyín mú á wá máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó ń mu sìgá tiẹ̀ lè má rí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀, torí sìgá ń bo àmì yẹn mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn eyín ńlá inú tí a fi ń lọ oúnjẹ ló wá ṣòro jù. Ti ìsàlẹ̀ sábà máa ń ní gbòǹgbò méjì, ti òkè mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti pínyà, oríta ni (ẹni tó bá mọ Oríta Mẹ́fà kò nílò àlàyé). Bí eegun bá jẹ dé ibẹ̀, ìdọ̀tí ti ríbi sá sí. Nínú ọ̀pọ̀ eyín, ẹnu oríta náà kò fẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Kí ni pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Irin ni dókítà fi ń mọ̀ ọ́n. Á kọ́kọ́ fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní àmì lára, wọn àlàfo àárín ẹran àti eyín. Mìlímítà 1 sí 3 kò léwu. Bó bá di 4 sókè, ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀. Á wá fi irin mìíràn tó tẹ̀ kọrọdọ tọ oríta náà wò. Ìlànà kan tí àwọn oníṣègùn Sweden gbé jáde ní 1975 ni wọ́n ṣì ń lò: bí irin bá wọlé tí kò tó mìlímítà 3, ìpele kìíní; bó bá ju 3 lọ láì yọ sódìkejì, ìkejì; bó bá gba ibẹ̀ já, ìkẹta.

Àwòrán X-ray nìkan kò tó o. Lára eyín òkè, gbòǹgbò tó wà níhà àjà ẹnu lè dí oríta mọ́ ẹni tó ń wo àwòrán.

Torí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, ì báà ṣe ní UCH, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti fi irin tọ ìdí eyín inú yín. Ní ìpele kìíní, kí dókítà fọ ìdí eyín náà dáadáa sábà máa ń tó. Tó bá ti di ìkẹta, ó lè jẹ́ pé wọ́n á yọ ọ́ ni.