Epo Ẹja Ò Lè Rọ́pò Oògùn Ọkàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di òótọ́ pọ́ńbélé lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn: pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́, kó sáà máa gbé kápúsù epo ẹja mì lójoojúmọ́, ọkàn náà á padà bọ̀ sípò. Wọ́n á ní láti inú ẹja ló ti wá, pé kò lè pa èèyàn lára, pé ó sàn ju gbogbo oògùn tí dókítà ń kọ lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ti tìtorí rẹ̀ pa oògùn wọn tì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára, torí àìsàn tó ń pààyàn là ń sọ yìí.

Heart failure ni àwọn dókítà ń pè é. Ọkàn ò dá iṣẹ́ sílẹ̀ o, ó ṣì ń lù, àmọ́ kò lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ débi tó yẹ kó dé. Ti ẹlòmíì, ńṣe ni ọkàn le gan-an débi pé ẹ̀jẹ̀ kì í ráàyè kún inú rẹ̀ dáadáa. Omi á wá máa kóra jọ sára. Ẹsẹ̀ á wú, ikùn á máa ga, aláìsàn ò sì ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn àfi tó bá to ìrọ̀rí méjì mẹ́ta síra wọn kó tó lè rí èémí mí. Ẹni tó bá ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí á mọ̀ pé kò ṣeé fi ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìgbàgbọ́ nínú epo ẹja yìí ti ṣẹ̀ wá. Láwọn ọdún 1970, Hans Olaf Bang àti Jørn Dyerberg, onímọ̀ méjì láti Denmark, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn Inuit, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Greenland, wò níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé ẹja àti ẹran inú òkun ni wọ́n fi ń ṣoúnjẹ. Èrò wọn ni pé omega-3, ìyẹn ọ̀rá inú oúnjẹ yẹn tó tún wà nínú epo ẹja, ló ń dáàbò bo ọkàn àwọn èèyàn náà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó máa ń dí ni ọ̀rọ̀ tiwọn dá lé. Ká ti ibẹ̀ fò sórí ọkàn tó ti rẹ̀, ká ní epo kan náà á wò ó sàn, ọ̀nà jìn púpọ̀.

Síbẹ̀, àwọn kan ti dán an wò, wọ́n sì ṣe é bó ṣe yẹ. Ítálì ni wọ́n ti ṣe é, orúkọ ìwádìí náà ni GISSI-HF, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2008. Àwọn 6,975 tó ní heart failure ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Wọ́n ń fún apá kan ní gíráàmù 1 omega-3 lójúmọ́, wọ́n sì ń fún apá kejì ní kápúsù tí kò lóògùn nínú, láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ èyí tí òun ń lò. Wọ́n ń tẹ̀ lé wọn lọ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo omega-3, 27 kú. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò lò ó, 29 kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibí yìí ni àwọn tó ń ta epo ẹja máa ń sáré kọjá. Ìyàtọ̀ wà, mi ò ní sọ pé kò sí. Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣe ìwádìí náà ṣe ṣírò rẹ̀, èèyàn 56 ló máa lò ó fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin yẹn kí ẹnì kan ṣoṣo tó tipasẹ̀ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú. Àwọn èèyàn ọ̀hún ò sì pa oògùn ọkàn wọn tì. Orí oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi kápúsù náà lé.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ spironolactone, oògùn tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà. Nínú ìwádìí RALES tó jáde lọ́dún 1999, lára àwọn tí heart failure wọn ti le gan-an, 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín nǹkan bí ọdún méjì lára àwọn tí kò lò ó. Lára àwọn tó lò ó, 35 ni. Èèyàn mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín ọdún méjì péré! Oògùn kan ṣoṣo nìyẹn o, nínú oríṣi mẹ́rin tí àwọn dókítà ń lò pa pọ̀ lónìí. Ẹni tó bá fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí epo ẹja ti gbé ohun ńlá sọ nù, ó sì di kékeré mú.

Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2022 náà ò kóyán omega-3 kéré pátápátá. Wọ́n ní ó lè bójú mu láti fi kún ìtọ́jú àwọn kan tó ní heart failure. Àmọ́ ìsọ̀rí 2b ni wọ́n fi í sí, ìyẹn ìsọ̀rí tó kéré jù nínú ohun tí wọ́n lè dámọ̀ràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò dí heart failure lọ́nà fẹ́ni tí kò tíì ní in: nínú VITAL, ìwádìí tí wọ́n ṣe fún 25,871 èèyàn ní Amẹ́ríkà, omega-3 ò dín iye àwọn tí heart failure gbé dé ọsibítù kù lọ́nà tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà.

Ohun mìíì tó yẹ ká yẹ̀ wò ni ìgò epo ẹja fúnra rẹ̀. Ẹ yí i sẹ́yìn. Iwájú rẹ̀ á gbé 1000 mg gàdàgbà, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì rò pé gíráàmù 1 tí wọ́n lò ní Ítálì nìyẹn. Lẹ́yìn ìgò, nínú lẹ́tà wínníwínní, ẹ lè rí EPA 180 mg, DHA 120 mg. EPA àti DHA yìí ni omega-3 tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àpapọ̀ wọn ò ju 300 mg lọ. Ọ̀rá lásán ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Èyí tí wọ́n lò nínú GISSI-HF jẹ́ ojúlówó oògùn tí wọ́n ti sẹ́, EPA àti DHA inú kápúsù kan ṣoṣo lé ní 800 mg. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí òfin ọdún 1994 ti jáde, àwọn tó ń ta irú àfikún oúnjẹ báyìí ò ní láti fẹ̀rí hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e sọ́jà.

Ẹnì kan á ní, “Kí n kúkú máa lo mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.” Rárá o! Níbi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Omega-3 tó pọ̀ lè mú kí ọkàn máa lù ségesège, èyí táwọn dókítà ń pè ní atrial fibrillation. Yàrá méjì tó wà lápá òkè ọkàn á máa gbọ̀n dípò kí wọ́n máa fún ẹ̀jẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sójú kan, ó lè dì, tó bá sì já lọ sínú ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Ọkàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì máa ru ẹrù yẹn. Nígbà tí wọ́n kó èsì àwọn ìwádìí ńláńlá tó kan 81,210 èèyàn pa pọ̀ lọ́dún 2021, wọ́n rí i pé ewu yìí fi nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tí ohun tí wọ́n ń lò lójúmọ́ ò ju gíráàmù 1 lọ. Lára àwọn tó ń lò jù bẹ́ẹ̀, ó tó ìdá 49. Nínú ìwádìí STRENGTH, gíráàmù 4 ni wọ́n ń fún àwọn èèyàn lójúmọ́. Àárín ọ̀nà ni wọ́n ti dá a dúró, nígbà tí wọ́n rí i pé kò jọ pé àǹfààní kankan máa jáde níbẹ̀.

Àwọn kan máa dárúkọ icosapent ethyl, wọ́n á ní òun náà epo ẹja ni, ó sì ṣiṣẹ́ nínú ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní REDUCE-IT. Oògùn tí dókítà ń kọ ni, EPA nìkan ló wà nínú rẹ̀, àwọn tí triglyceride, ìyẹn oríṣi ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, ga lára wọn ni wọ́n sì dán an wò fún. Wọn ò gbé e jáde láti wo heart failure.

Tẹ́ ẹ bá ti ń lo epo ẹja tẹ́lẹ̀, ẹ gbé ìgò náà dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ rí dókítà, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tàbí tí ọkàn yín ti lù ségesège rí. Ẹ jẹ́ kó ka ẹ̀yìn ìgò náà fúnra rẹ̀. Oògùn ọkàn yín ńkọ́? Ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun. Tó bá ti fi nǹkan bíi kílò méjì lé sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ló ń kóra jọ. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.