Omi ti wọlé kí wọ́n tó kìlọ̀

Inú ń bí mi sí àwọn iléeṣẹ́ rédíò wa, mi ò sì ní pa á mọ́ra. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń wí, ta ni wọn ò tíì ṣe é fún?

Alẹ́ àná ni òjò dé tòun ti ìjì. Iná lọ, fóònù ò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Bàbá mi, tí wọn ò lè dá rìn, ní kí n gbé rédíò oníbátìrì wá. Wọ́n ní, "Wọn á sọ ibi tí omi dé." Mo kọ́kọ́ yí i sí ibùdó àwọn oníṣòwò. Ìpolówó ọṣẹ. Ìpolówó tẹ́tẹ́. Orin. Ìpolówó ọṣẹ yẹn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ariwo rẹ̀ sì ju ti orin lọ (ta ló ní kí wọ́n máa pariwo ọjà mọ́ wa létí báyẹn?). Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi àwọn tó ń pè é léèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn jù. Mo ní kí n ní sùúrù di aago mẹ́sàn-án, àkókò ìròyìn. Aago mẹ́sàn-án lù, orin náà ni.

Mo yí i sí ti ìjọba. Ti gbogbo wa ni kí n pè é, owó orí wa ló ń bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí minísítà kan sọ lọ́sàn-án ni wọ́n tún ń gbé sáfẹ́fẹ́. Ó parí, wọ́n tún dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, rédíò dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí èèyàn kankan níbẹ̀! Nígbà tí wọ́n gé owó wọn lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lé lọ.

"Kí ni wọ́n wí?" Bàbá ń bi mí léraléra. Kí ni kí n sọ fún wọn? Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, omi wọlé. Mo pọ̀n wọ́n sẹ́yìn, mo fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn dé ilé aládùúgbò tó wà lórí òkè. Aago méje òwúrọ̀, mo ń gbọ́n omi, ni ohùn dídùn kan ń sọ lórí rédíò pé kí àwọn tó ń gbé létí odò tètè kó ẹrù wọn. Ní òwúrọ̀!

Ìgbì afẹ́fẹ́ tí rédíò ń gbà sọ̀rọ̀ kì í ṣe ogún bàbá oníṣòwò kankan. Ti ará ìlú ni, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò fi ń gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì ń tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò ṣe ojúṣe àwọn. Oníṣòwò ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ìwé àṣẹ rẹ̀ kàn án nípá kó ka ìròyìn ní wákàtí tí èèyàn pọ̀ jù nídìí tẹlifíṣọ̀n. Aago mẹ́ta òru ni tiwa ń ka tirẹ̀, kí ìwé àkọsílẹ̀ ṣáà ti kún. Ètò àwọn ọmọdé ńkọ́? Ó ti di ìpolówó ohun ìṣeré.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò sówó. Ní Jámánì, láti 2021, yúrò 18.36 ni ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ará ìlú, ì báà ní tẹlifíṣọ̀n tàbí kó má ní. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ló sì ń ṣírò iye tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kí àwọn olóṣèlú tó dá sí i. Ní Amẹ́ríkà ní 2025, ìjọba gba dọ́là bílíọ̀nù 1.1 padà lọ́wọ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ará ìlú, owó tí wọ́n ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀. Àwọn ibùdó kéékèèké ní ìgbèríko, tí kò ní olówó tó ń polówó ọjà lọ́dọ̀ wọn, ló fara gbá a jù. Ibi tí ìkìlọ̀ ti ṣe pàtàkì jù náà nìyẹn!

Ẹ dá àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Oníṣòwò tó bá ń kọrin nígbà tí omi ń gba ilé ni kó san owó oṣù wọn. Ẹ ṣe é kíákíá, òjò tún ti ṣú bí mo ti ń kọ èyí.